Ọmọ mi kì í gbà ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́wàá

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún méje ni ọmọkùnrin mi. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni tíṣà wọn máa ń fún wọn ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá, wọ́n á ṣe àpèkọ rẹ̀ ní Fúráìdè. Kì í gbà ju mẹ́ta lọ. Alẹ́ Tọ́sìdè ni mo máa ń jókòó tì í títí gbogbo rẹ̀ á fi wọ̀ ọ́ lórí, àmọ́ tílẹ̀ bá mọ́, ó ti fò lọ. Mo ti nà án, pàbó ló já sí. Ní báyìí, gbogbo àárọ̀ Fúráìdè ni inú ń run ún. Aládùúgbò mi ní Owé, ẹ̀ka Yorùbá tí àwa ará Kàbbà ń sọ, tí mò ń sọ sí i ló ń dí i lọ́wọ́. Èmi náà ò kàwé kọjá JSS 3, ojú sì ń tì mí. Mo fi fọ́tò ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá Ọlọ́mọ, Kàbbà.

Àbúrò mi, inú tó ń run ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. Irọ́ kọ́ ló ń pa o. Ẹ̀rù máa ń mú kí inú ọmọdé run lóòótọ́. Jọ̀ọ́, gbé pàṣán yẹn jù nù. Ọmọ tí ojú rẹ̀ wà lára pàṣán, kò lè rí lẹ́tà tó wà nínú ìwé.

Mo wo fọ́tò náà dáadáa. Wọ́n pe "van", ó kọ "fan". Wọ́n pe "zip", ó kọ "sip". Tíṣà fi bírò pupa fagi lé méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwọ pè wọ́n wò. Kò sí v, kò sí z nínú ábídí Yorùbá, nítorí náà lẹ́tà tó sún mọ́ ohun tó gbọ́ ló mú. Ọmọ tó gbọ́ ìró, tó sì wá lẹ́tà tó bá a mu, orí rẹ̀ pé.

Má gba Owé lẹ́nu ọmọ rẹ. Inú èdè tó gbọ́ yékéyéké ló ti máa kọ́kọ́ rí i pé lẹ́tà ń dúró fún ìró. Jẹ́ kó kọ "ata", "ilé", "iṣu". Ohun tó bá gbọ́ náà ló máa kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni kò rí bẹ́ẹ̀: lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ló fi ń kọ ìró tó lé ní ogójì, k tún ń jókòó síwájú "knife" láìfọhùn. Sọ èyí fún un, kó mọ̀ pé ẹ̀bi òun kọ́.

Alẹ́ Tọ́sìdè yẹn náà kò dára. Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi ara rẹ̀ dán an wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885: ohun téèyàn kọ́ ń yára jò dànù, àmọ́ bó bá pín àtúnkọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan, á pẹ́ lórí. Òjò alẹ́ kan kì í mú iṣu ta. Mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní Mọ́ńdè, kí ẹ fi mẹ́ta kún un lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin ní Wẹ́sìdè. Ní Tọ́sìdè, ẹ kàn yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kó lọ sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí oorun tó kùn ún.

Ká ní "night" ni. Fi èédú kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kó wò ó, kó pe lẹ́tà rẹ̀ sókè, kí o wá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, kó kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ọwọ́ kúrò, kí òun fúnra rẹ̀ fi wé. Bó bá kọ "nit", lẹ́tà mẹ́ta ló gbà yẹn! Yìn ín, kí o fa òbìrí yí g àti h ká, kí ẹ tún un ṣe. Má ní kó wò ó kọ nígbà ogún o. Ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó bá ń wá a lórí ló ń wọlé.

JSS 3 rẹ tó, ó ṣẹ́kù. Lẹ́tà lo kàn ń fi wé lẹ́tà, ìwé sì wà níwájú rẹ. Èyí tí o kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pè, ní kí tíṣà fi ohùn pè é fún ọ lórí WhatsApp. Kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ọmọ náà máa mú ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún oṣù kan ná. Àmọ́ bó bá ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tàbí tí o pè é láti ẹ̀yìn tí kò gbọ́, mú un lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò.

Bó bá gba mẹ́rin ní Fúráìdè tó ń bọ̀, mẹ́rin yẹn ni kó kọ́kọ́ kà fún bàbá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ mẹ́fà yòókù.