Ìbéèrè láti Kábbà: Ṣé òṣèré ni Ṣẹ́gun Olúṣọlá kó tó di olóòtú tẹlifíṣọ̀n?

Bẹ́ẹ̀ ni, eré orí ìtàgé ni Ṣẹ́gun Olúṣọlá ń ṣe n'Íbàdàn kó tó di ọ̀kan lára àwọn olóòtú àkọ́kọ́ ní WNTV, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1959. Òun ló pilẹ̀ eré The Village Headmaster, tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1968, nígbà tí àwa ará Kábbà àti Yàgbà ṣì wà ní Kwara. Iṣẹ́ ńlá gbáà nìyẹn jẹ́. Ìlú Ọjà inú eré náà, pẹ̀lú Kábíyèsí àtàwọn ìjòyè tó ń bára wọn jiyàn láàfin, jọ ìlú tiwa gan-an. Àní “àmẹ́bọ̀” tí wọ́n ń pe olófòófó lọ́jà Kábbà, orúkọ obìnrin kan nínú eré yẹn ni. Olúṣọlá nìkan kọ́ ló darí eré náà o. Àwọn mìíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di aṣojú Nàìjíríà ní Ethiopia lọ́dún 1987, ó sì dolóògbé lọ́dún 2012.