Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà alùpùpù mi?

Má wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí táyà náà lè gbà nìyẹn, kì í ṣe èyí tó yẹ alùpùpù rẹ. Inú ìwé tó bá alùpùpù wá láti iléeṣẹ́ ni wàá ti rí èyí tó yẹ, tàbí lára bébà kékeré tí wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ṣéènì wà. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í sábà dọ́gba: lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ńláńlá, 36 psi (ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ni níwájú, 42 lẹ́yìn; ti àwọn kéékèèké máa ń kéré sí i. Bó o bá máa gbé èèyàn, wò ó bóyá nọ́ńbà mìíràn wà fún ẹ̀yìn.

Ìgbà tí táyà bá tutù ni kó o wọ̀n ọ́n, kó o tó gbéra rárá. Táyà tó ti sáré á ti gbóná, nọ́ńbà á sì lọ sókè. Jọ̀ọ́, má torí ìyẹn yọ afẹ́fẹ́ kúrò, torí bó bá tutù tán, á ti kéré jù. Ra géèjì tìrẹ, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà. Ká kàn fọwọ́ tẹ táyà ò lè sọ òótọ́ fún wa.

Bó bá kéré jù, alùpùpù á wúwo láti yí, etí táyà méjèèjì á sì jẹ. Bó bá pọ̀ jù, àárín ló máa jẹ. Bó bá sì ń dín kù ṣáá, da omi ọṣẹ díẹ̀ sí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ sí i. Bó bá ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò.