Èsì: Ìlàjì ṣíbí Septrin fún ọmọ ọjọ́ mẹ́fà

Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Wálé. Ẹ ní ara ìkókó ń gbóná, nọ́ọ̀sì kan ní Ìkòròdú níbí sì ní kí ẹ má fún un ní ìlàjì ṣíbí Septrin (oògùn apakòkòrò) ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ká kàn dín in kù lọ. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ tuntun kò tíì gbó, wọn kì í tètè lé oògùn kúrò lára. Bí àpẹẹrẹ, kaféènì (èròjà inú kọfí) tó ń dín sí ìdajì lára àgbà ní nǹkan bíi wákàtí 5 lè lò ju ọjọ́ 3 lọ kó tó dín bẹ́ẹ̀ lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ti Septrin tún wá burú: sulfa, ọ̀kan nínú oògùn tó wà nínú rẹ̀, ń lé èròjà tó ń fa ibà pọ́njú kúrò níbi tó so mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn á wá ráyè wọ ọpọlọ. Láti 1956 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ jáde pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń pa àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé.

Ẹ bi wá ìdí tí ìwádìí oògùn lára ọmọ tuntun fi kéré. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ kílò 3 kò kún ìgò mínírà kan; ta ni yóò máa fà á ní wákàtí wákàtí láti wo iye oògùn tó kù nínú rẹ̀? Ara ọmọ sì ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá wo tiẹ̀ ni yóò fọwọ́ síwèé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀? Èmi ò jẹ́ tètè gbà, ká sòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà lónìí. Ara gbígbóná ọmọ ọjọ́ mẹ́fà kì í ṣe ti kẹ́mííìsì.