Ṣé A+ ni kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbà ni, àbí Security+?

Àbúrò mi kan ní Kàbà béèrè bóyá kí òun kọ́kọ́ gba A+, ìwé-ẹ̀rí iléeṣẹ́ CompTIA lórí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti àtúnṣe rẹ̀, tàbí kí òun bọ́ sórí Security+, tiwọn lórí ààbò kọ̀ǹpútà, tààrà, nítorí pé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni òun fẹ́ ṣe. Èrò tèmi ni pé kí o fo ìdánwò A+, àmọ́ má fo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ìdánwò méjì ni A+, ẹ̀ẹ̀mejì ni o sì máa san owó tí wọ́n ń fi dọ́là ṣírò. Ìdánwò kan ṣoṣo ni Security+: ìbéèrè tí kò ju 90 lọ, ìṣẹ́jú 90, máàkì 750 lórí òṣùwọ̀n tó parí sí 900 ni wọ́n sì fi ń yege.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìsánlú, níbi tí mo ti ń yọ fáírọ́ọ̀sì kúrò nínú fláàṣì tí àwọn olùkọ́ jọ ń lò, tí mo sì ń bá ọ̀gá ilé-ìwé jiyàn lórí páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀, ni àwọn tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní Àbújá béèrè nípa rẹ̀ jù. Ìwé-ẹ̀rí ló jẹ́ kí wọ́n pè mí. Iṣẹ́ Ìsánlú ló jẹ́ kí n rí nǹkan sọ. Nítorí náà, má kẹ́gàn iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní tòsí rẹ, kódà bí owó rẹ̀ kò bá tó nǹkan.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń so mọ́ ara wọn, ni kí o jókòó tì dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Wireshark kò ná ọ ní kọ́bọ̀, o sì lè fi wo ohun tí kọ̀ǹpútà méjì ń sọ fún ara wọn láìlo dátà rárá. Kọ̀ǹpútà tìrẹ nìkan ni kí o dán an wò lórí rẹ̀ o, nítorí òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ka wíwọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀.

CompTIA gbà kí ènìyàn ṣe ìdánwò Security+ nílé, kí ẹni kan máa fi kámẹ́rà ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú iná tiwa níbí, ibùdó ìdánwò ní Àbújá ni mo gbà ọ́ nímọ̀ràn. Sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o sì rí i pé orúkọ tí o fi forúkọ sílẹ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ rẹ mu.