Òórùn jíjóná nínú ọkọ̀: ẹ yẹ táyà wò kí wọ́n tó tú nǹkan kan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì yẹn kalẹ̀ o. Ẹ ní tẹ́ ẹ bá ti wakọ̀ tó bí 20 ìṣẹ́jú lẹ máa ń gbóòórùn nǹkan tó ń jóná, ọkọ̀ á tún wá máa wúwo bíi pé ó ru ẹrù, mẹkáníìkì yín wá ní gíábọ́ọ̀sì ló ń kú lọ. Nǹkan tó ṣe tèmi gan-an nìyẹn, àfi pé tèmi, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀. À ń bọ̀ láti Ìbàdàn, àwọn ọmọ ti sùn lẹ́yìn, a ti kọjá Ṣágámù àmọ́ a ò tíì dé Mọ́wé, ló bá ní ṣé mi ò gbóòórùn nǹkan ni. Mo ní àwọn tó ń sun igbó lẹ́bàá ọ̀nà ni. A rìn síwájú díẹ̀, òórùn yẹn ò lọ, ṣe ló ń le sí i, ó ń ta sí mi nímú bí ìgbà tí wélídà bá ń lọ irin, mo wá fẹ́ tẹ bíréèkì fún dánfó kan tó já wọ iwájú mi, bíréèkì rì wọlẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi bíi fóòmù. Mo tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀ kó tó di mú. Títí dòní tí mo bá rántí àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń sùn lẹ́yìn yẹn, àyà mi ṣì máa ń já.

Mo páàkì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò séèéfín, omi rádíétọ̀ pé. Lọ́jọ́ kejì mẹkáníìkì rí ọ́ìlì díẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, ó ní òun ló ń kán sórí ẹsóòsì tó ń jóná, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, mo sanwó, ọjọ́ méjì òórùn ti padà dé. Lóòótọ́ ọ́ìlì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ òórùn tiẹ̀ ki, ó sì máa ń rú èéfín láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ọ̀tọ̀ ni tòun, ó ní kí n lọ ra alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná. Mi ò rà á.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì níbi iṣẹ́ wa ló là mí lójú. Òjò ń ṣẹ́ wínniwínni láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń wọlé báyìí, bàbá ní "ọ̀gá, táyà yín ń rú èéfín". Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà òsì níwájú, gbogbo omi òjò tó bá kán sínú wíìlì yẹn ṣe ló ń dún ṣàà, irin bíréèkì ti di búlúù láwọn ibì kan, wíìlì dúdú fún eruku páàdì, ìyẹn ohun tó máa ń fún irin bíréèkì mọ́ra tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Mo fọwọ́ kan tọ̀tún, ó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni. Bàbá fẹ́ bu omi sí i, mo ní rárá, torí irin tó gbóná tóyẹn, ẹ bá da omi tútù lé e lórí, ó lè sán tàbí kó wọ́.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ló wá tún un ṣe. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó ní kí n fọwọ́ yí táyà, kò yí. Kó tó tú ohunkóhun, ó fi súpánà tú nípù kékeré tó wà lẹ́yìn kálípà, ìyẹn irin tó ń ti páàdì mọ́ irin bíréèkì, omi bíréèkì tú díẹ̀, táyà ò ṣì yí. Ó ní ká ní ó yí ni, rọ́bà họ́ọ̀sì tó ń gbé omi bíréèkì wá ló máa jẹ́, pé tó bá ti dí nínú, omi á wọlé tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, kò ní lè padà. Ó wá tú kálípà. Pín-ìnì méjì ló wà níbẹ̀ tó yẹ kí kálípà máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí ẹ̀, ọ̀kan ń yọ̀, ìkejì ti dógùn-ún, òòlù ló fi gbá a jáde. Ìdí nìyẹn tí páàdì ò fi fi irin bíréèkì sílẹ̀, tó wá ń gbóná. Páàdì inú ti jẹ dé irin, tìta ṣì nípọn dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ tó pààrọ̀ páàdì fún mi ní bí ọdún kan sẹ́yìn, gíríìsì tí wọ́n ń fi sí bẹ́rìn ló fi kun pín-ìnì, ìyẹn sì máa ń mú kí rọ́bà rẹ̀ wú kó sì ya, omi àti iyanrìn á wá ráyè wọlé. Gíríìsì sílíkóònù tí wọ́n dìídì ṣe fún bíréèkì ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lò.

A pààrọ̀ pín-ìnì àti rọ́bà ẹ̀, páàdì tọ̀tún tòsì, irin bíréèkì méjèèjì, a sì yọ gbogbo omi bíréèkì dànù. DOT 3, irú omi bíréèkì kan, tó bá ṣì jẹ́ tuntun kì í hó títí á fi kọjá 205°C, àmọ́ ó máa ń fa omi mọ́ra, tó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀ kò ní lè gba ooru tóyẹn mọ́. Ìdí tí bíréèkì fi rì lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́sí nìyẹn, ó ti hó.

Tiyín náà, ẹ wà á fún 20 ìṣẹ́jú yẹn, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ wolẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà, torí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ tẹ̀ lójú títì lè lẹ̀ mọ́ ẹsóòsì kó máa jóná lọ́pọ̀ ọjọ́. Tó bá jẹ́ òórùn rọ́bà, tí nǹkan sì ń dún fín-ín, fánbẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ wò, tó bá ń dùn bíi ṣúgà tó jóná, omi kúláńtì ló ń jò. Àmọ́ tó bá jẹ́ òórùn wáyà tàbí ike, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo èèyàn bọ́ọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tú orí bátìrì tí kò bá tíì sí iná níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sọ èyí tó gbóná jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi. Tó bá jẹ́ tẹ̀yìn, wáyà hánbíréèkì tí kì í padà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.