Ṣé bí aláìsàn ṣe gbé orí lè mú kí omi máa pá a lórí?

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, wọ́n máa ń dá orí sẹ́yìn kí omi lè wọlé, ó sì ń pá wọn lórí. Orí dídá sẹ́yìn yẹn wà lára ohun tó ń fà á. Ẹnu ọ̀nà èémí á là sílẹ̀, omi á sì ti sáré débẹ̀ kí gògóńgò tó gbéra láti pa á dé.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rọrùn fún tí wọ́n bá jókòó gan-an, tí wọ́n sì tẹ àgbọ̀n sọ́nà àyà: ìdí ahọ́n á sún sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà èémí á dín. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀fun ló rọ, ẹ̀gbẹ́ tó rọ yẹn gan-an ni wọ́n máa kọjú sí. Ó jọ òdì, àbí? Yíyí orí ló ń dí i pa, kí oúnjẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ tó lágbára.

Ẹ ṣọ́ kọ́ọ̀pù o. Tí omi bá ti ku díẹ̀ nídìí rẹ̀, dandan ni kórí dá sẹ́yìn, ẹ tètè bu sí i. Ẹni tó ń fi ṣíbí bọ́ wọn ní ẹ̀kọ náà, kó jókòó. Tó bá dúró, bàbá á máa wòkè.

Àmọ́ èyí tó bá ẹnì kan mu lè pa ẹlòmíì lára, omi sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró láìsí ikọ́ rárá. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn kí wọ́n yẹ ọ̀fun wọn wò.