Níbo Ni Kí N Gbé Podcast Àlọ́ Màmá Àgbà Sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi fóònù gba àlọ́ tí màmá àgbà wa ń pa sílẹ̀, ó ti di mẹ́fà báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ bí ìṣẹ́jú 30. WhatsApp ni mo fi ń pín in, àmọ́ àwọn èèyàn wa ní London ní orí Spotify làwọn ti fẹ́ máa gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá ibi ọ̀fẹ́, èkejì ní ọ̀fẹ́ ò dáa, kí n máa san dọ́là. Èwo ni kí n ṣe? — Ọmọ Aláàlọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o káre, kí màmá àgbà pẹ́ fún wa. Ohun kan wà tó máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú níbí. Apple Podcasts, àápù tí wọ́n fi ń gbọ́ podcast (ètò ohùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì), ò ní bá ẹ tọ́jú fáìlì àlọ́ ẹ, ọ̀dọ̀ host, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì ohùn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló máa wà, host yẹn á wá ṣe àdírẹ́sì kan fún ẹ tí wọ́n ń pè ní RSS, ibẹ̀ làwọn Apple àtàwọn yòókù máa ń yọjú sí kí wọ́n lè mọ̀ pé àlọ́ tuntun ti jáde. Ẹni tí àdírẹ́sì yẹn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ni àwọn olùgbọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí èèyàn bi host léèrè bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kó ètò ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn kó tó bi í léèrè iye tó ń gbà. Ṣé wọ́n á jẹ́ kó o darí RSS àtijọ́ sí tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní redirect 301? Èmi ò bi ẹnì kankan nígbà tèmi. Ibi ọ̀fẹ́ kan ni mo gbé ètò mi sí, wọ́n fẹ́ palẹ̀ mọ́, wọ́n kọ̀wé, orí ímeèlì tí mi ò ṣí mọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí n tó mọ̀ RSS ti kú, àfi bí màmá kan ṣe dá mi dúró lóde òwàm̀bẹ̀ tó ní ṣé mo ti jáwọ́ ni. Torí náà ímeèlì tó ò ní pa tì ni kó o fi forúkọ sílẹ̀ o.

Ọ̀fẹ́ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ti Buzzsprout, host kan, ọjọ́ 90 ni ètò ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, ìyẹn ò bá àlọ́ mu rárá. Spotify for Creators, tó ń jẹ́ Anchor tẹ́lẹ̀ kí Spotify tó rà á lọ́dún 2019, kì í gbowó ìtọ́jú fáìlì, ó sì fàyè gba redirect. Ṣùgbọ́n wọ inú settings kó o tan RSS o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí Spotify nìkan ló máa há sí.

Ti dọ́là tí ọ̀rẹ́ ẹ ń wí, ó ní ewu tiẹ̀ náà. Ṣé o rántí ìparí 2022 tí àwọn báńkì ń ti káàdì náírà pa fún rírajà lókèèrè? Káàdì ẹ kọ̀, owó oṣù ò wọlé, host lè gbé ètò ẹ kúrò. Tó o bá máa san, ti ọdún kan gbáko ni kó o san lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún ẹ ni ìwọ̀n fáìlì. MP3 128 kbps (kbps ni iye dátà tí ohùn ń jẹ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ìṣẹ́jú 30 ẹ ń lọ sí bíi MB 29, dátà ẹni tó ń gbọ́ ẹ ní Ọ̀yọ́ nìyẹn ń jẹ. Mono (ohùn ojú kan ṣoṣo) 64 kbps, kò ju MB 14 àti díẹ̀ lọ, ó sì tó fún ohùn èèyàn, àmọ́ níbi tí màmá àgbà bá ti dá orin tí àwọn ọmọ ń gbè é, pàtẹ́wọ́ wọn á máa dún ṣákaṣàka, nítorí náà gbìyànjú 96 kbps. Má sì fi voice note WhatsApp gbà á sílẹ̀ mọ́ jàre, àápù recorder orí fóònù ẹ ni kó o lò, kó o tọ́jú ojúlówó rẹ̀ síbi méjì.

Tèmi bá ni, ọ̀fẹ́ Spotify yẹn ni màá lò. Tó bá ti jáde, fi link ránṣẹ́ sí wa, kó o fi ti Ìjàpá ṣíwájú o, mi ò lè gbọ́ ti Ìjàpá tì.